Ooru Ń Mú Gbogbo Wa: Kí Ló Dé Tí Tàwọn Kan Fi Le Ju Tàwọn Kan Lọ?

Bí oṣù kẹta bá ti wọlé ní Abuja, ìkíni wa máa ń yí padà. "Ẹ kú ooru o" ni a ó máa gbọ́ láti Kubwa títí dé Nyanya, ẹni tí a kí á sì dáhùn pé ti ọdún yìí mà tún le o. Lọ́dún tó kọjá, ìyá onílé wa kí àbúrò mi obìnrin bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àga rọ́bà ni àbúrò mi jókòó sí, ó fi tówẹ́ẹ̀lì tútù bo itan, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, kò lè dìde láti kúnlẹ̀ kí ìyá bó ṣe máa ń ṣe. Ìyá wò ó, ó ní, "Ọmọ mi, gbìyànjú kí o dìde, ṣebí ooru ń mú gbogbo wa." Ìyá kò fi bú u. Èèyàn dáadáa ni, òun náà ló bu omi tútù wá fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá wọlé tán, omi ń bọ́ lójú àbúrò mi.

Lupus ni orúkọ àìsàn tó ń bá a fínra. Ọdún kẹfà rè é tí mo ti ń bá a lọ sí ọsibítù. Èmi kì í ṣe dókítà, àmọ́ mo ti jókòó níwájú dókítà tó pọ̀, mo sì ti bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ títí ó fi yé mi. Ohun tí n kò rí ọ̀nà sọ fún ìyá onílé lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí: òótọ́ ni pé ooru ń mú gbogbo wa, ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wa tí ilẹ̀kùn tí ooru ń gbà wọlé sí wọn lára pọ̀ ju tiwa lọ.

Kí ni àjẹsára, báwo ló sì ṣe ń dàrú?

Bí a bá dárúkọ àjẹsára, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún ọmọ ọwọ́ ló máa ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Àwọn bàbá wa ti ní ọ̀rọ̀ yìí kí abẹ́rẹ́ tó dé: ohun tí èèyàn jẹ sára, tí ibi kò fi ní rí i gbé ṣe. Àmọ́ ara fúnra rẹ̀ ní àjẹsára tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn. Nínú ẹ̀jẹ̀, nínú mùdùnmúdùn eegun, nínú awọ àti nínú ìfun ni àwọn ẹ̀ṣọ́ náà wà, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń wá kòkòrò àrùn tí wọn yóò mú.

Ẹ fi wọ́n wé màígádì tó ń ṣọ́ ọgbà. Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ màígádì fi lè bàjẹ́.

Ó lè sùn lọ, tàbí kó rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu géètì yóò ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bó ṣe rí nìyẹn fún ẹni tí kòkòrò HIV wà lára rẹ̀ tí kò lo oògùn, àti fún ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún náà wà níbẹ̀, torí pé dandan ni kó máa lo oògùn tí yóò kun màígádì lóorun, kí màígádì má baà lé kíndìnrín àlejò náà jáde. Àwọn ọmọ kan tilẹ̀ wà tí wọ́n bí láìní ẹ̀ṣọ́ tó péye. Ti HIV nìkan, ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 èèyàn ló ń bá a gbé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ èèyàn mélòó kan.

Ọ̀nà kejì ni pé kí màígádì má sùn rárá, ṣùgbọ́n kó máa na onílé. Ojú rẹ̀ ń ríran, ọwọ́ rẹ̀ le, àmọ́ kò mọ olè yàtọ̀ sí ọmọ ilé mọ́. Irú èyí ni lupus: awọ, oríkèé, kíndìnrín, ibi tó bá kọjú sí ló ń lù. Làkúrègbé kan wà tí kì í ṣe ti ọjọ́ ogbó, àjẹsára gan-an ló ń jẹ oríkèé ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀. Irú ìtọ̀ ṣúgà kan sì wà tó sábà máa ń mú ọmọdé, níbi tí àjẹsára ti pa àwọn tó ń ṣe insulin, èròjà tó ń bá ara lo ṣúgà, nínú ara run. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní multiple sclerosis, tí mo máa pè ní MS láti ìsinsìnyí lọ, ń bó èèpo ara iṣan inú ọpọlọ àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrà díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan kì í gbé agbo tàbí hóró oògùn tó ń "fún àjẹsára lágbára" wá fún àbúrò mi. Nínú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń tà á, àwọn ará ilé pàápàá ń rà á wá pẹ̀lú ìfẹ́. Màígádì tó ń na onílé, bí ẹ bá fún un ní kùmọ̀ tó tóbi sí i, ta ni kùmọ̀ náà yóò bà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi dókítà kí ẹ tó gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ní lupus tàbí MS.

Báwo ni ara ṣe ń lé ooru jáde?

Ẹni tó bá dàgbà nílé tí àmù wà yóò tètè lóye èyí. Àmù amọ̀ tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá ìyá àgbà, tí àwọn Hausa ń pè ní randa, kò lo iná, kò sí yìnyín nínú rẹ̀, síbẹ̀ omi inú rẹ̀ á tutù dé eyín. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé omi ń yọ́ gba ara amọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbà á lọ, bó sì ṣe ń lọ ló ń gbé ooru lọ́wọ́ lọ. Awọ ara wa náà nìyẹn. Bí ara bá ti fẹ́ gbóná kọjá nǹkan bíi 37°C tó yẹ kó wà, ọpọlọ á pàṣẹ kí ẹ̀jẹ̀ rọ́ wá sí abẹ́ awọ, kí òógùn sì jáde. Bí òógùn ṣe ń gbẹ lára ni ooru ń bá a lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ní àríwá mọ̀ pé ooru ibẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Ti oṣù kẹta ní Sókótó tàbí Maiduguri gbẹ fúrúfúrú. Òógùn á ti gbẹ kí ẹ tó rí i, aṣọ kì í tutù, omi á sì ti dín lára gan-an kí òùngbẹ tó rán yín létí. Ti Abuja ní oṣù kẹrin yàtọ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tó sì dá, ọ̀rinrin á kún inú afẹ́fẹ́, òógùn á máa ṣàn gba ẹ̀yìn lọ láìgbẹ. Òógùn tó kán sílẹ̀ kò gbé ooru kankan lọ. Ìdí nìyẹn tí 36°C ọjọ́ kan fi lè nini lára ju 39°C ọjọ́ mìíràn lọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnìkan mú ọ̀dà, ó fi kun àmù náà yíká. Omi kò ní lè yọ́ jáde mọ́, inú àmù á sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí àwọn àìsàn àjẹsára kan ṣe ń ṣe awọ ara nìyẹn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Sjögren ń gbógun ti ibi tí itọ́ àti omijé ti ń wá, ó sì lè dín òógùn kù pẹ̀lú. Scleroderma ń mú kí awọ le gbagidi bí awọ ìlù. Ibi tí psoriasis, àìsàn tó ń mú kí awọ nípọn kó sì máa ṣí, bá ti bo ara kì í làágùn dáadáa. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jókòó láàárín yín láìsí òógùn lójú rẹ̀, kí ẹ máa rò pé ara tù ú, nígbà tó jẹ́ pé ṣe ni ooru há sí i nínú.

Bí ooru bá sì wá pọ̀ lápọ̀jù, ẹ̀jẹ̀ tó rọ́ lọ sí awọ yóò dín kù ní ìfun. Ògiri ìfun á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, nǹkan tó yẹ kó wà nínú ìfun á yọ́ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Àjẹsára á rí i, á sì dìde ogun. Ara tó le á borí èyí. Ara tí màígádì rẹ̀ ti ń wá ìjà tẹ́lẹ̀ kò ní borí rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ṣé ooru ń pọ̀ sí i lóòótọ́, àbí a ti ń dàgbà ni?

Ó ń pọ̀ sí i. Ọdún 2024 ló gbóná jù lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ káàkiri àgbáyé, òun sì ni ọdún àkọ́kọ́ tí ooru ayé fi ju 1.5°C lọ sókè ju bó ṣe wà ṣáájú kí iléeṣẹ́ ńláńlá tó gbòde. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ìlú Kayes ní Mali dé 48.5°C. Láti oṣù kejì ọdún náà ni àjọ NiMet, tó ń mójú tó ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ti ń kìlọ̀ fún wa nílé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti òru. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ó yẹ kí ara rí àyè sinmi, àmọ́ bíríkì àti kọnkéré tí oòrùn ti yan látàárọ̀ á máa tu ooru náà sínú yàrá títí di ìdájí. Ẹni tí kò rí òru sinmi ti jẹ gbèsè kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kí ló dé tí ẹsẹ̀ ẹnìkan fi lè kọ̀ ọ́ lójijì nínú ooru?

Ọkùnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lugbe. Bó bá ti rìn láti ìkóríta dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀, ojú rẹ̀ á sì ṣú bí ẹni tó ń wo nǹkan láti inú èéfín. Bó bá jókòó sábẹ́ fáànù, tó mu omi tútù, tó fi aṣọ tútù sọ́rùn, láàárín wákàtí kan ẹsẹ̀ náà á padà bọ̀ sípò. Àwọn kan ní ó ń díbọ́n ni. Àwọn mìíràn ní ayé ló ń ṣe é, torí pé àìsàn gidi kì í lọ kó tún bọ̀.

MS ló ní. Lílọ àti bíbọ̀ yẹn gan-an ni àmì rẹ̀.

Ẹ wo wáyà iná. Rọ́bà tó bò ó ni kì í jẹ́ kí iná jò. Àwọn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ tí ọpọlọ rán lọ sí ojú, ẹsẹ̀ àti àpòòtọ̀ náà ní èèpo ọlọ́ràá tó bò wọ́n. Nínú MS, àjẹsára ti jẹ èèpo yìí níbì kan níbì kan. Iṣẹ́ tí ọpọlọ rán ṣì ń dé, àmọ́ tipátipá ni. Bí ara bá wá gbóná díẹ̀ sí i, iṣẹ́ náà á dúró sójú ọ̀nà. Díẹ̀ tí mo wí yìí lè má ju ìdajì 1°C lọ.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Dókítà ojú kan ní Jámánì, Wilhelm Uhthoff, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1890 pé ojú àwọn aláìsàn òun ń ṣú bí wọ́n bá ti lo ara wọn, ó sì ń là bí wọ́n bá sinmi. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é títí dòní. Kí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ tó dé, omi gbígbóná ni àwọn dókítà máa ń ní kí ẹni tí wọ́n fura sí wọ̀, kí wọ́n lè wò ó bóyá ara rẹ̀ yóò kọ̀ ṣiṣẹ́.

Ìròyìn ayọ̀ ibẹ̀ ni pé ooru kì í bó èèpo tuntun. Bí ara bá tutù, iṣẹ́ á tún máa lọ. Àmọ́ bí ara bá ti tutù, tí ọjọ́ kan gbáko kọjá, tí ẹsẹ̀ kò padà sípò, kì í ṣe ooru mọ́ nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé àìsàn náà fúnra rẹ̀ ló gbérí, ó sì yẹ kí dókítà rí i.

Ṣé ooru ló ń ṣe ẹni tó ní lupus, àbí oòrùn?

Ooru àti oòrùn sún mọ́ ara wọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀tá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Èyí ni àṣìṣe tí àwa náà ṣe ní ọdún àkọ́kọ́. A rò pé bí àbúrò mi kò bá ti làágùn, ewu ti kọjá. Nígbà tó di àkókò ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ tutù láàárọ̀ tí gbogbo èèyàn ń wọ súwẹ́tà, ó ń jókòó síta láti yáná oòrùn. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, nǹkan ti yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó gba orí imú kọjá bí ìyẹ́ labalábá, oríkèé ọwọ́ rẹ̀ sì wú tí kò lè ṣí ìdérí ìgò.

Oòrùn ní ìtànṣán kan tí ojú kò rí. Ó ń pa àwọn ohun tíntìntín tó para pọ̀ di awọ. Ní ara tèmi, àwọn tó ń palẹ̀ òkú wọn mọ́ á tètè débẹ̀. Ní ara ẹni tó ní lupus, ìpalẹ̀mọ́ náà ń falẹ̀, ohun tó wà nínú wọn á dà síta, màígádì á rí i, á pariwo olè, á sì pe gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti orí awọ ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó lè dé oríkèé, ó lè dé kíndìnrín, lẹ́yìn ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ ti gbàgbé oòrùn ọjọ́ náà pátápátá.

Ìkùukùu kò dá gbogbo ìtànṣán yìí dúró. Gíláàsì ọkọ̀ náà kò dá gbogbo rẹ̀ dúró, nítorí náà ẹni tó jókòó sẹ́bàá fèrèsé nínú ọkọ̀ tí amúlétutù ń ṣiṣẹ́ kò tíì bọ́. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló le jù. Wọ́n tún máa ń sọ pé aláwọ̀ dúdú ni wá, oòrùn kò lè rí wa gbé ṣe. Dúdú awọ wa ń gbà wá díẹ̀, kò gbà wá tán. Nínú ẹni mẹ́wàá tó ní lupus, nǹkan bíi mẹ́sàn-án jẹ́ obìnrin, obìnrin aláwọ̀ dúdú sì wà lára àwọn tó ń mú jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ṣòro nìyí. Láti sá fún oòrùn, àfi kó bo ara. Bó bá bo ara, ooru á mú un. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́ alápá gígùn tó tóbi lára ló ràn wá lọ́wọ́, pẹ̀lú agboòrùn. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣí agboòrùn lọ́sàn-án gangan ní ọjà Kubwa, wọ́n ń bi í bóyá òjò ń rọ̀. Ó fẹ́ pa á dé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má pa á dé.

Oògùn tí èèyàn ń lò ńkọ́?

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù lọ, nítorí ọ̀pọ̀ jàǹbá ló ń ti ibẹ̀ wá láìsí ẹni tó fura.

Kíndìnrín ló ń gbé ọ̀pọ̀ oògùn jáde lára, omi ló sì fi ń gbé e. Methotrexate tí àwọn tó ní làkúrègbé ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Bí omi bá gbẹ lára, oògùn náà á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ohun tó yẹ kó wo èèyàn sàn á wá di májèlé. Diclofenac àti ibuprofen tí a ń rà ní kẹ́mísì nítorí ara ríro náà ń ni kíndìnrín lára bí omi kò bá tó. Ẹ rántí pé kíndìnrín ẹni tó ní lupus lè ti ní ọgbẹ́ tẹ́lẹ̀.

Àwọn oògùn kan ń mú kí oòrùn tètè jó awọ: Septrin tí wọ́n ń fún àwọn kan tó ní HIV wà nínú rẹ̀, àti doxycycline. Àwọn mìíràn ń dí òógùn lọ́wọ́, bí amitriptyline, àti oxybutynin tí wọ́n ń lò fún àpòòtọ̀. Ẹ ka bébà inú páálí oògùn yín, tàbí kí ẹ bi apòògùn léèrè tààrà pé, "Ṣé èyí kò ní bá ooru jà?"

Ṣùgbọ́n ẹ má torí ohun tí mo sọ yìí dá oògùn kankan dúró fúnra yín. Prednisolone pàápàá, oògùn tó ń kun àjẹsára lóorun, tó sì jọ èròjà kan tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń lò ó fún ìgbà pípẹ́, ara rẹ̀ ti jókòó, kò ṣe irú rẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́. Bó bá dá a dúró lójijì nínú ooru, ó lè dákú, ó sì lè kú.

Ti ibi tí à ń tọ́jú oògùn sí náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ hóró oògùn kò gbọdọ̀ kọjá 30°C. Yàrá onípáànù ní oṣù kẹta ti kọjá rẹ̀ kí aago kan tó lù, ká má tíì sọ ti inú ọkọ̀ tó dúró sínú oòrùn. Insulin tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà láàárín 2°C sí 8°C, bẹ́ẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú àwọn abẹ́rẹ́ tuntun tí wọ́n ń fi tọ́jú làkúrègbé. Iná ńkọ́? Iná kì í dúró.

Ní àdúgbò wa, ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń gún insulin fi ohun tó ń ṣe hàn mí. Ìkòkò amọ̀ ńlá kan rè é, ìkòkò kékeré wà nínú rẹ̀, yanrìn ló kún àlàfo àárín méjèèjì. Ó ń bu omi sórí yanrìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìgò insulin wà nínú ọ̀rá tí ó so lẹ́nu, ọ̀rá wà nínú ife onídérí, ife wà nínú ìkòkò kékeré, aṣọ tútù ló sì fi bo gbogbo rẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, ó tutù bí ilẹ̀ ìdí igi.

Ọgbọ́n àmù náà ni. Ní àríwá níbí, Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ló sọ ọ́ di ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń lò láti tọ́jú ẹ̀fọ́ àti èso. Ìgbá tó ń bàjẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta ń lò tó ọjọ́ 27 nínú ìkòkò rẹ̀, iléeṣẹ́ aago Rolex sì fún un ní ẹ̀bùn ní ọdún 2000. Kò tutù tó fíríìjì o, ìgò tí a ti ṣí tí a ń lò lọ́wọ́ ló bá a mu jù. Bí afẹ́fẹ́ bá sì lọ́rinrin, agbára rẹ̀ á dín kù. Ohun kan tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí a gbé insulin lé yìnyín lórí tààrà. Insulin tó bá ti dì, ó ti bàjẹ́.

Ooru ni, àbí ibà?

Ní àkókò yìí, gbogbo ara ló ń gbóná bí a bá fọwọ́ kàn án. Ewu ibẹ̀ ni pé ẹni tí màígádì rẹ̀ ń sùn lè kó àrùn gidi, kí ara gbígbóná jẹ́ àmì kan ṣoṣo tí yóò fi hàn, kí àwa sì sọ pé ooru ni. Prednisolone tilẹ̀ lè bo ibà mọ́lẹ̀. Ẹ ra tẹmómítà. Bí ẹni tó ń lo oògùn tó ń kun àjẹsára lóorun bá ti dé 38°C, ọsibítù lọ́jọ́ náà ni. Kó má kọ́kọ́ gba kẹ́mísì lọ ra oògùn ibà.

Àkókò ooru gbígbẹ náà sì ni àkókò yírùnyírùn, tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau. Orílẹ̀-èdè 26, láti Senegal dé Ethiopia, ló wà lójú ọ̀nà àrùn yìí, àríwá Nàìjíríà sì wà láàárín wọn. Èyí tó jà láti ìparí 2016 wọ 2017 pa èèyàn tó ju 1,100 lọ, Zamfara àti Sókótó wà lára ibi tó ti le jù. Bí orí bá ń fọ́ gan-an, tí ọrùn le tí kò ṣeé tẹ̀ síwájú, tí ojú kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, ẹ sáré. Abẹ́rẹ́ wà. Nàìjíríà ló kọ́kọ́ lo èyí tó tuntun, Men5CV, ní ọdún 2024. Ẹni tó ní àìsàn àjẹsára kàn ní láti bi dókítà rẹ̀ irú abẹ́rẹ́ tó bá a mu, nítorí àwọn abẹ́rẹ́ mìíràn wà tí kòkòrò inú wọn ṣì wà láàyè, bíi ti ibà pọ́njú, tí kò yẹ kí wọ́n gún fún ẹni tí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kò tó.

Ooru fúnra rẹ̀ náà lè pani. Bí ẹnìkan bá ń sọ ìsọkúsọ, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ara rẹ̀ gbóná kọjá 40°C, ẹ gbé e sábẹ́ òjìji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ tó wá ọkọ̀ àti bí ẹ ṣe ń wá a. Bí kò bá mọ ara rẹ̀, ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu.

Ààwẹ̀ ńkọ́?

Ààwẹ̀ Ramadan ọdún 2024 bọ́ sí oṣù kẹta àti oṣù kẹrin gan-an. Àwọn ìbátan wa tó jẹ́ Mùsùlùmí máa ń bi mí. Al-Qur'an fúnra rẹ̀, nínú Suratul-Baqarah, ti yọ̀ǹda fún aláìsàn. Ẹni tó ń lo methotrexate, tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ kò le, kó lọ bá dókítà rẹ̀ àti àlùfáà rẹ̀ kí oṣù tó lé.

Kí la lè ṣe nínú ilé tí a ní?

Kì í ṣe gbogbo wa ló lè ra amúlétutù. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni ọ̀dà funfun tí ìyá onílé gbà kí a fi kun páànù lókè yàrá àbúrò mi. Páànù funfun ń dá oòrùn padà dípò kó mu ún. Lẹ́yìn ìyẹn, aṣọ tútù tí a ta sójú fèrèsé nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Fáànù dára, àmọ́ bí yàrá bá ti kọjá 40°C, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń fẹ́ sí ara, ẹ fi omi ra ara kí ẹ tó jókòó síwájú rẹ̀. Ọbẹ̀ tó sùn láìsí iná, ẹ má gbé e fún ẹni tí àjẹsára rẹ̀ kò lágbára. Gbígbóná rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kò lè yọ gbogbo oró tó ti wọ̀ ọ́.

Mo sì ní ẹ̀bẹ̀ kan sí àwọn tó ń ṣètò kílíníìkì. Ẹ sọ fún aláìsàn pé kó dé ní aago mẹ́jọ, ó dé ní aago méje, síbẹ̀ aago kan ọ̀sán ló rí dókítà, orí bẹ́ǹṣì ìta ló sì ti dúró. Fún ẹni tó ní lupus, ìrìn àjò tó fi wá gba ìwòsàn lè di ohun tó tún dá a dùbúlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ máa pe irú wọn, tàbí kí ẹ wá òjìji fún wọn.

Ṣé kí ó kó lọ sí Jos?

Gbogbo èèyàn ló ń bi wá báyìí, torí pé Jos wà lórí òkè, nǹkan bíi mítà 1,200 sókè ju òkun lọ, ó sì tutù. Fún ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ní MS, ìdáhùn rẹ̀ rọrùn: ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Ó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kejì ọdún yìí, ìgbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀ ló tó padà. Fún àbúrò mi, bí èèyàn bá ṣe ń gòkè sí i ni ìtànṣán oòrùn ń le sí i, afẹ́fẹ́ tútù ibẹ̀ á sì tún tàn án jókòó síta bí ọyẹ́ ṣe tàn án lọ́jọ́ kìíní. Dókítà tó ti mọ kíndìnrín rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà sì wà ní Abuja. A jọ rò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní òun kò lọ, pé kí n bá òun ra agboòrùn mìíràn, èyí tó tóbi.